Àlejò Tí Ń Pe Orúkọ Ara Rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lóde òní bá ayé níbi tí ó ti rọrùn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tàbí kámẹ́rà, tàbí ohun pélébé tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́, tí ó sì ki í bọ ihò USB lára kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, kí ó tó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: kò sí ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè, kò sí ìwé tí ó ṣí, kò sì sí àgbà kan tí ó ní láti dọ̀bálẹ̀ fún kí ó tó rí ojútùú ọ̀ràn rẹ̀. Èmi kì í bá wọn jà nítorí èyí, nítorí pé ìrọ̀rùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ohun èlò fi wọlé tí ẹ̀rọ sì fi gbà á, mo sì ti rí i dájú pé kì í ṣe pé ẹ̀rọ mọ ohun èlò náà. Ẹ̀rí tí ohun èlò jẹ́ nípa ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbà gbọ́. Bí àlejò ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé tí ó ní, “Lágbájá ọmọ Tàmẹ̀dù ni mí, iṣẹ́ báyìí ni mo ń ṣe,” tí baálé sì ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tí ó ti inú yàrá yọjú nígbà tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún àlejò yóò rò pé ará ilé ti mọ̀ ọ́n rí. Kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helsinki ní 1991, ṣì ń rá pálá, àlejò kò ní ẹnu. Ihò ISA ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ káàdì ń wọ̀ nígbà náà, kò sì sí ọ̀nà kankan nínú ISA àtijọ́ tí kernel, tí í ṣe baálé inú ẹ̀rọ, lè gbà bi káàdì léèrè pé ta ni ìwọ, níbo ni o ti wá. Àwa oníṣẹ́ ni a ń ṣe alágbàsọ. Lára káàdì ni àwọn èèkàn irin kéékèèké kan wà tí a ń fi ike tíntín bò ní méjì méjì, tí a ń pè ní jumper. Ibi tí a bá fi ike náà sí ni yóò sọ àdírẹ́sì tí káàdì yóò máa gbé, àti nọ́ńbà IRQ tí yóò máa fi ké sí ẹ̀rọ bí iṣẹ́ bá dé. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kò ju 16 lọ, àwọn onílẹ̀ sì ti pín èyí tí ó dára nínú wọn: aago ni ó ni 0, kíbọ́ọ̀dù ni ó ni 1, dísìkì pẹlẹbẹ ni ó ni 6. Ẹni tí ó bá mú káàdì tuntun wá ní láti mọ ẹni tí ó ti jókòó síbi kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ohun èlò méjì bá pàdé lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìjà dé nìyẹn, ìjà tí kì í ní ariwo, tí kì í sì í fi ẹni tí ó jẹ̀bi hàn.

Mo rántí ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn, ní ìhà Dùgbẹ̀, tí mọ́ósì wọn ń kú ní gbogbo ìgbà tí módẹ́ẹ̀mù wọn bá ti ń pe fóònù. Wọ́n ti pààrọ̀ mọ́ósì títí ó fi sú wọn, akọ̀wé wọn sì ti gbà pé waya tẹlifóònù ni ó ń fa agbára iná kúrò lára rẹ̀. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo bá lọ. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan mọ́ósì. Ó béèrè ihò tí mọ́ósì wà, wọ́n ní COM1. Ó béèrè ibi tí wọ́n fi módẹ́ẹ̀mù sí, wọ́n ní COM3, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, IRQ 4 ni wọ́n ń jẹ. Ó tú ẹ̀rọ, ó fa ike kan yọ kúrò lórí 4, ó fi í lé orí 5, ó sì pa ẹ̀rọ dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán, nítorí Linux kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ó ní láti tún fi ẹnu sọ fún un, ó sì tẹ setserial /dev/ttyS2 irq 5. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láyé ìgbà yẹn, a ó fi ọwọ́ sọ ọ́ fún káàdì, a ó sì fi ẹnu sọ ọ́ fún kernel, bí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá sì dọ́gba, ẹni tí ó sọ ọ́ ni ó parọ́.

Kì í ṣe pé kernel kì í gbìyànjú láti dá wá àlejò kiri nígbà náà. A máa lọ láti àdírẹ́sì dé àdírẹ́sì nínú òkùnkùn, a máa tọ́ ibẹ̀ wò, a sì máa wo bí ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò ti jí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ń wá ni ó tọ́, ó dára; bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó tọ́ ní ibi tí ó ń dùn ún, gbogbo ẹ̀rọ lè dákẹ́ lójijì, kí ó má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí èyí ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de kernel kí ó tó jí, irú bíi ether=10,0x300,eth0, kí ó lè mọ̀ pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní àdírẹ́sì 0x300, pé IRQ 10 ni ó ń lò, àti pé eth0 ni kí ó máa pè é, kí ó má baà tọ́ inú òkùnkùn rárá. Ọ̀gá mi ní ìwé kékeré kan tí ó kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí, ìwé náà kì í sì í kúrò ní àpò agbádá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé yẹn ni ó ni oníbàárà.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń ṣàárò ayé àtijọ́ ti máa ń ya ọ̀nà. Wọ́n a ní ìgbà náà ni oníṣẹ́ jẹ́ oníṣẹ́, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó wọ inú ẹ̀rọ tí ènìyàn kan kò fi ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo ní ojú láti rí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń sin ìmọ̀ nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún yẹn bí awo, tí wọ́n ń gba owó odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan lórí ike tí kò tóbi ju ìrẹsì lọ, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àkọsílẹ̀ pamọ́ kí oníbàárà má lè pe ẹlòmíràn. Bí ayé bá gba irú ìyẹn lọ́wọ́ wa, ayé kò ṣẹ̀ wá.

Nígbà tí Intel gbé irú ihò tuntun tí ń jẹ́ PCI jáde ní 1992, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ sí i, àlejò gba ẹnu. Káàdì PCI kọ̀ọ̀kan ní ibi kan nínú ara rẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà, níbi tí a kọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tí ó bí i sí, tí a sì kọ nọ́ńbà ti irú ẹ̀yà tí ó jẹ́ tẹ̀ lé e. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; Intel fúnra rẹ̀ gba 8086, tí í ṣe orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó gbé jáde ní 1978 tí ó sì sọ ọ́ di ọlọ́lá, nítorí náà títí di òní, káàdì PCI tí Intel bá bí, oríkì baba ńlá yẹn ni yóò kọ́kọ́ kì lẹ́nu ọ̀nà. Bí kernel bá kan ilẹ̀kùn tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, FFFF ni yóò gbọ́, yóò sì kọjá lọ láìsí ìpalára. Ní 1996 ni USB dé, ó gba irú àṣà kan náà, ó sì fi èyí kún un pé àlejò lè dé nígbàkígbà, tọ̀sán tòru, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò tíì di ìmọ̀. Bí àlejò bá ní “10ec:8139 ni mí”, ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ sọ fún baálé tẹ́lẹ̀ pé Realtek ni a ń pè ní 10ec, pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni 8139, àti pé ètò tí a ń pè ní 8139too ni ó gbọ́ èdè rẹ̀. Inú ètò kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní driver, ni ẹni tí ó kọ ọ́ ti to nọ́ńbà gbogbo àlejò tí ó lè tọ́jú sí, a sì kó gbogbo àtòjọ wọ̀nyí jọ sínú fáìlì kan tí ń jẹ́ modules.alias. Bí ó ti jẹ́ pé Linux ń ké pe orúkọ àlejò tí ó sì ń wá a nínú fáìlì yìí, àwọn ènìyàn ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n ẹ̀rọ. Èmi ń pè é ní ọgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ fáìlì náà. Martin Mareš, ọmọ ilẹ̀ Czech, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ àwọn ohun èlò PCI tí gbogbo ayé ń kà lónìí, àwọn tí wọ́n sì ń fi orúkọ tuntun ránṣẹ́ sínú rẹ̀ kò lóǹkà: ẹlòmíràn ní káàdì lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò lè kọ driver, ẹlòmíràn mọ driver kọ ṣùgbọ́n kò ní owó tí yóò fi ra káàdì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní 2007, Greg Kroah-Hartman tilẹ̀ kéde fún gbogbo ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n mú ìwé àlàyé ohun èlò wọn wá, pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bá wọn kọ driver lọ́fẹ̀ẹ́.

Káàdì 8139 yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan. Ó pọ̀ ní ọjà Ìkẹjà ju iyanrìn lọ nítorí pé kò wọ́n, ṣùgbọ́n irú méjì ni ó wà, ti àtijọ́ àti ti tuntun tí ó lágbára jù ú lọ, àwọn méjèèjì sì ń jẹ́ 10ec:8139. Driver méjì ni ó wà fún wọn, àwọn méjèèjì sì gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì jáde wá. Bí 8139cp bá wo káàdì tí ó sì rí i pé ti àtijọ́ ni, yóò kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ kernel gbangba pé èyí kì í ṣe tèmi, ẹ lo 8139too. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ mi kan ka gbólóhùn yẹn, ó sáré wá bá mi pé káàdì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni ó kà, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n pè ní orúkọ tí ó jẹ́, tí ó dé ibẹ̀ tí ó rí i pé orúkọ jọra ni.

Bí iṣẹ́ gbígba àlejò ṣe kúrò lọ́wọ́ wa kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìtàn rẹ̀ jẹ àkókò. Red Hat, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń pín Linux, ní ètò tí ń jẹ́ kudzu, tí wọ́n fi orúkọ ewéko Ásíà kan tí ó bo igbó ìhà gúúsù Amẹ́ríkà pè, Klaus Knopper ní Jámánì gbé Knoppix jáde ní 2000, CD kan ṣoṣo tí ń jí lórí ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni tí ó sì ń mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ láìgbé ohunkóhun kalẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ mú kí àwọn oníyèméjì tí mo mọ̀ gbà pé Linux lè dá ríran, Linux 2.4 sì mú hotplug, ètò gbígba àlejò nígbà tí ẹ̀rọ ti jí, wá ní 2001. Ní 2003 ni ètò udev dé, tí ó mú kí /dev, ibi tí fáìlì àwọn ohun èlò ń gbé, tí ó ti kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá tí a kọ́ de àwọn àlejò tí kò ní dé láé, di ibi tí a ti ń kọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá wọlé tí a sì ń wó o bí ó bá jáde. Ohun kan nípa kudzu ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Bí ẹ̀rọ bá ń jí tí kudzu sì rí àjèjì, a máa dá gbogbo nǹkan dúró, a máa kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ, a sì máa fún onílé ní 30 ìṣẹ́jú àáyá láti wí bóyá kí a gbà á tàbí kí a má gbà á. Gbogbo wa ni a bú kudzu nítorí ìdúró yẹn. Udev kì í béèrè, a sì yìn ín.

Àkókò tí mo rí bí ẹ̀rí ẹnu àlejò ṣe lè lọ́ mọ́ ara rẹ̀ ni àkókò tí módẹ́ẹ̀mù USB gba ìgboro wa kan, ní nǹkan bí 2009 sí 2012, tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníṣòwò láti Èkó dé Ìlọrin tí kò fi ọ̀kan há ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ń lo Windows má ṣe máa wá CD kiri, nítorí náà wọ́n kó ètò ìfisórí sínú módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, kì í sọ pé módẹ́ẹ̀mù ni òun, a máa sọ pé CD ni òun, títí ètò náà yóò fi parí iṣẹ́ tí yóò sì ní kí ó yí padà. Lórí Windows, ọgbọ́n ni. Lórí Linux, baálé gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó tẹ́ ẹní CD fún un, gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ìyá kan tí ń ṣe iṣẹ́ títẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé níwájú ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbé tirẹ̀ wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀njíníà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó, módẹ́ẹ̀mù mi ti di CD.” Mo ní, “Kò dì í, mà, ó ń sọ pé òun jẹ́ ẹ ni.”

Mo jókòó pẹ̀lú rẹ̀, mo tẹ lsusb, mo sì fi ìka tọ́ ọ sí 12d1:1446 fún un pé orúkọ tí ó fi wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo lo usb_modeswitch, ètò tí Josua Dietze kọ, tí ó ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún irú àlejò olójú méjì bẹ́ẹ̀ kí ó lè fi ara rẹ̀ hàn. Iná ara módẹ́ẹ̀mù náà kú. Nínú àkọsílẹ̀ kernel ni a ti kà á pé ohun èlò náà jáde lọ, bí ẹni pé ẹnìkan fà á yọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án; lẹ́yìn èyí ni ó tún wọlé, ó sì ní 12d1:1001 ni òun, kernel sì kọ́ yàrá mẹ́ta fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ttyUSB0, ttyUSB1 àti ttyUSB2. Ìyá náà wo mi, ó ní, “Ṣé ẹ bá a wí ni?” Àfòmọ́ kò ní egbò, gbogbo igi ni í bá tan, ohun tí ó ń bá igi ọ̀pẹ tan ní òwúrọ̀ lè máa bá ìrókò tan ní ọ̀sán, ẹ̀rọ tí ń fi orúkọ nìkan mọ ènìyàn kò sì lè mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Kò pẹ́ púpọ̀ tí udev fi ń pe usb_modeswitch fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi tún mú módẹ́ẹ̀mù wá bá mi. Iṣẹ́ náà dọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà kò mọ̀ pé àlejò yẹn ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Orúkọ tí àlejò fi wọlé ni mo ti ń sọ láti òkè wá. Èyí tí baálé fún un nínú ilé tún jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní ilé iṣẹ́ kan ní erékùṣù Èkó, mọ́dábọ́ọ̀dù sáfà kan jóná, wọ́n sì fi òmíràn tí ó bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀ ní òru kí iṣẹ́ má baà dúró. Sáfà náà jí, ohun gbogbo pé, ṣùgbọ́n kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n pààrọ̀ waya, wọ́n pààrọ̀ ihò tí waya wọ̀ lára switch, wọ́n tilẹ̀ tún mọ́dábọ́ọ̀dù pààrọ̀ nítorí wọ́n rò pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rà kò dára, nígbà tí wọ́n sì fi pè mí, wọ́n ń gbèrò láti tún gbogbo rẹ̀ fi sórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Fáìlì kan wà láyé ìgbà náà tí ń jẹ́ 70-persistent-net.rules, níbi tí udev ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé káàdì tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ báyìí ni ó ni orúkọ eth0, kí orúkọ má baà máa yí kiri. Káàdì tí ó ni eth0 ti jóná pẹ̀lú mọ́dábọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Nígbà tí tuntun dé, udev bá yàrá rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní padà mọ́, ó ní kí tuntun máa jẹ́ eth1. Ìkejì dé, ó di eth2. Ẹni tí ó sì ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà náà ti kọ gbogbo àṣẹ rẹ̀ sí eth0. Ará ilé ń ké pe òkú, àwọn alààyè sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Mo pa ìlà díẹ̀ rẹ́ kúrò nínú fáìlì yẹn, mo ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ jí, ọ̀rọ̀ sì parí.

Nígbà tí systemd 197, ètò tí udev ti wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ní oṣù kìíní ọdún 2013, gbé ètò tuntun kalẹ̀ tí káàdì ń fi ibi tí ó jókòó jẹ́ orúkọ, tí eth0 sì di ohun bíi enp3s0, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pariwo pé wọ́n ti ba ohun tí ó rọrùn jẹ́. Èmi fara mọ́ ọn. Orúkọ tí a fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ dídé fún ọmọ kò ní ìpìlẹ̀. Èyí tí a fi ibùjókòó fún un, ó kéré tán, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lè lọ wo ibùjókòó náà. Kì í ṣe pé òun náà kò ní àbùkù, nítorí bí a bá ki káàdì mìíràn bọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà ìjókòó lè yí, kí 3 sì di 4. Àmọ́ mo yan àbùkù tí mo lè fi ojú rí.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ mí lọ́kàn jù kò kan orúkọ tí ó lọ́ pọ̀, bí kò ṣe irọ́. Ní 2014, Karsten Nohl àti Jakob Lell fi han àwọn tí wọ́n péjọ sí ìpàdé ààbò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Black Hat ní Las Vegas pé a lè yí ọkàn fíláàṣì USB padà, kí ó wọlé kí ó ní kíbọ́ọ̀dù ni òun, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tí ó wù ú gẹ́gẹ́ bí ẹni pé onílé ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Wọ́n pe orúkọ náà ní BadUSB, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí ó burú nínú USB níbẹ̀. Bí a ti dá a sílẹ̀ ni ó ṣe. A sọ fún baálé pé kí ó gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lè pe orúkọ, ó sì gbà á. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án: ìrọ̀rùn tí a fi han ohun gbogbo tí ó bá kan ihò náà, àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀rọ ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n ń san gbèsè rẹ̀. Linux kò ṣàìní ìdáhùn sí i. Nínú /sys ni fáìlì kan wà fún ohun èlò USB kọ̀ọ̀kan tí ń jẹ́ authorized, bí a bá sì kọ 0 sínú rẹ̀, ohun èlò náà yóò dúró síta títí ènìyàn yóò fi wí. USBGuard sì ń ṣe ìyẹn pẹ̀lú òfin tí onílé kọ fúnra rẹ̀. Mo ti bá oníbàárà méjì mẹ́ta fi í sórí. Nígbà tí ó bá sì kọ́kọ́ dá mọ́ósì wọn dúró tí ó ní kí wọ́n wí bóyá kí òun gbà á, wọ́n a máa bínú bí a ti bínú sí kudzu.

Bí ó ti wù kí ó rí, ibì kan ṣẹ́ kù tí àlejò ṣì wà láìní ẹnu, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti dé ibẹ̀ láìmọ̀. Láti ìgbà tí Raspberry Pi ti dé ní 2012 ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi bọ́ọ̀dù kéékèèké bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí ń wọn agbára oòrùn inú bátìrì, ohun tí ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, ohun tí ń ka ìwọ̀n ooru inú ilé adìyẹ. Waya I2C ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun èlò tí wọ́n ń so mọ́ wọn ń gbà, Philips ni ó sì dá I2C sílẹ̀ ní 1982 láti so ohun inú tẹlifísọ̀n pọ̀ mọ́ ara wọn, níbi tí ẹni tí ó kọ́ ilé ti mọ gbogbo ọmọ ilé ní orúkọ, tí kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi béèrè. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí mo ń kọ́ tẹ i2cdetect, ó rí 68, ó sì wí fún mi pẹ̀lú ìgboyà pé ẹ̀rọ ti rí aago òun. Mo bi í léèrè báwo ni ó ṣe mọ̀ pé aago ni. DS3231 tí í ṣe aago ń gbé 0x68. MPU-6050, tí ń mọ ìyípo àti ìfà, 0x68 ni òun náà ń gbé. Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ni pé ẹnìkan wà nínú yàrá yẹn, kò gbọ́ ẹni tí ó jẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó yí bọ́ọ̀dù náà padà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì ka ohun tí a tẹ̀ sórí dúdú kékeré náà kí ó tó kọ dtoverlay=i2c-rtc,ds3231 sínú config.txt. Bí a ti ń ṣe é níjelòó nìyẹn: ojú ènìyàn ni ó mọ àlejò, ẹnu ènìyàn ni ó sì fi í han baálé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní I2C kí n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan USB, kí wọ́n lè kọ́kọ́ mọ bí ilé ti rí nígbà tí àlejò kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn òbí kan ti wá bá mi pé owó ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ni àwọn san, wọn kò san án kí ọmọ àwọn wá máa ka ohun tí a tẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù bí àwọn tí ń tún rédíò ṣe. Mo fún wọn ní ìjókòó, mo gbọ́ wọn tán, ṣùgbọ́n n kò tíì yí ètò náà padà.